Ta Ló Yà Sósì?

Ọdún méjìlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìwó kí n tó kúrò nílé. Mo tètè sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀wé ló kó bá mi nílùú òyìnbó. Ìwé tí mo mọ̀ gan-an ló kó bá mi.

Nígbà tí mo wà nílé, bí mo bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ bíi "swerve", mi ò ní wulẹ̀ ka ìtumọ̀ rẹ̀ jáde nínú ìwé. Màá bọ́ sí àárín kíláàsì, màá na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó gun ọ̀kadà, màá ní, "Ẹ wò mí o. Mò ń bọ̀ láti Ilé-Ogbó. Eré ni mò ń sá. Ewúrẹ́ kan bọ́ sójú títì." Màá wá yà sọ́tùn-ún fìrì, gbogbo kíláàsì á sì pariwo. "Ohun tí mo ṣe yẹn ni 'swerve'." Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí a yà lójijì. Ó tán. Mo gbà pé mo mọ ọ̀rọ̀ náà tinú-tòde.

Ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo bá ara mi. Iṣẹ́ tí mo bá lọ ni kí n máa lọ láti ilé dé ilé, kí n máa wẹ àwọn arúgbó, kí n wọṣọ fún wọn, kí n fún wọn lóògùn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bàbá kan ní kí n bá òun gbé tíì òun wá. Mo po tíì, mo fi mílíìkì sí i, mo gbé e fún un tọwọ́tọwọ́. Ó wo ife náà, ó wo ojú mi, ó ní, "Tíì mi dà?" Mo tún po òmíràn. Omi fẹ́ẹ̀ lé ròrò sójú bàbá náà kí ó tó yé mi pé oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè ní tíì níbẹ̀. Ebi ló ń pa bàbá, èmi sì ń fi omi gbígbóná bọ́ ọ. Ọjọ́ kejì, ìyá kan tí kò tíì mọ orúkọ mi pè mí ní olólùfẹ́. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Àṣé bí wọ́n ṣe ń kí gbogbo ayé nìyẹn, títí kan ẹni tó ń kó ìdọ̀tí.

Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni mo ń gbé. Ní Ìwó, bí mo bá yọjú lọ ra búrẹ́dì, mi ò lè padà sílé láìkí èèyàn mẹ́wàá. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọjà, ẹ kú ewu ọmọ. Níbí, mo lè lo Sátidé àti Sọ́ńdè láìgbọ́ ohùn ara mi. Nígbà míì mo máa ń kí amóhùnmáwòrán. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó mú ara tù mí díẹ̀ ni Donna. Òun ló ń wa ọkọ̀ kékeré tí ilé iṣẹ́ fún wa, nítorí àwọn arúgbó kan wà tí ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá gbé dìde. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ó jẹ́ òyìnbó tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó dàgbà jù mí lọ, ó sì nira fún mi láti pe orúkọ rẹ̀ gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Lóṣù àkọ́kọ́, mi ò pè é ní ohunkóhun. Èdè wọn kò ní "ẹ", kò ní "wọ́n" fún àgbà. Mo kàn ń rọra wúkọ́ kí ó lè wojú mi. Nígbà tó rí i pé n kì í jẹun ọ̀sán, ó bi mí bóyá mo ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Mo ní rárá, Mùsùlùmí ni mí. Láti ọjọ́ náà, ó ń mú búrẹ́dì méjì wá látilé, ẹyin nìkan ló wà nínú tèmi. Kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Á kàn gbé e sórí itan mi, á sì ṣíná ọkọ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, a jáde nílé ìyá kan, a ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè kan. Òjò ń ṣẹ́ winniwinni. Mo tẹ orí ba fóònù mi, mò ń wo orúkọ ẹni tó kàn. Lójijì ni ọkọ̀ yà sósì gbàgà, ó gun ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn, ó sì lọ kọlu ògiri òkúta kúkúrú kan níwájú ilé ẹni ẹlẹ́ni. "Lá iláha illallah" ló jáde lẹ́nu mi. Nígbà tí mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ mi, Donna di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti kán. Kò sí ẹlòmíràn lójú títì, kò sì sí ohun tó ṣe mí.

Donna ṣì wà nílé ìwòsàn nígbà tí ọ̀gá wa, Paul, ní kí n kọ ohun tí mo rí sílẹ̀. Mo jókòó bí olùkọ́ tí mo jẹ́. Ẹ̀rù ti bà mí tó lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe mú bírò, ara mi balẹ̀, torí nǹkan tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyí. Mo kọ ojú ewé kan gbáko láìpa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́. Ní àárín rẹ̀, mo kọ ọ́ pé "Donna swerved suddenly to the left". Mo tún un kà, ó dùn létí mi. Mo fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, wọ́n ní kí Donna jókòó sílé, wọ́n ń ṣe ìwádìí. Mo lọ bá Paul ní ọ́fíìsì.

"Ìwé tí o kọ ràn wá lọ́wọ́ gan-an," ló wí. "O kọ ọ́ pé ó yà ni. Kí ló ń yà fún? Kò sí ọmọdé lójú títì, kò sí ajá, kò sí ológbò. Ẹni tó bá ṣàdédé yà báyẹn, fóònù ló ń tẹ̀."

"Mi ò kọ fóònù síbẹ̀," mo wí.

"O kò kọ ọ́. Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ pé ó yà."

Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bi ní ìdáhùn ìdánwò tí òun fúnra rẹ̀ ṣètò. Lóòótọ́, nínú kíláàsì mi, ewúrẹ́ máa ń wà. Mi ò ronú kan ewúrẹ́ nígbà tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ náà. Lójú mi, Donna àti ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nílé, bí ọkọ̀ Ràṣídì kan bá gbókìtì lójú ọ̀nà, ṣebí ohun tí a máa ń sọ ni pé Ràṣídì gbókìtì? Kò sẹ́ni tó máa bi wá bóyá ó fi orí sọlẹ̀ kó fi ẹsẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n òyìnbó ti ka tèmi bí mo ṣe kọ ọ́, wọ́n sì ti gbé ẹ̀bi lé e. Ohun tó tún burú ni pé èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Fóònù tèmi ni mò ń wò. Ta ló mọ̀ bóyá òun náà ń wo tirẹ̀? Fún odidi ọjọ́ méjì, mo gbà nínú ọkàn mi pé bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọmọbìnrin kan wà ní ọ́fíìsì tó ń jẹ́ Gemma, òun ló ń ṣètò ilé tí kálukú yóò lọ. Ó bá mi nídìí ìkòkò omi gbígbóná, ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ìpàdé tí wọ́n fẹ́ ṣe lórí ọ̀rọ̀ Donna ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ó ní, "If I were you, I'd swerve it." Ó ṣẹ́jú sí mi, ó sì lọ.

Mo dúró ti ìkòkò náà títí omi rẹ̀ fi hó, tó sì tún tutù. Bí òun bá jẹ́ èmi, òun á "swerve" rẹ̀. Báwo ni èèyàn ṣe ń ya ìpàdé? Ìpàdé ní táyà ni? Nígbà tí mo délé, mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, mo wò ó láti òkè délẹ̀. Yíyà ni, yíyà lójijì ni, kò sí ìpàdé níbẹ̀. Nígbẹ̀yìn, mo dá ìtumọ̀ kan sílẹ̀ fúnra mi. Mo ní ohun tó ń sọ ni pé kí n dúró lórí "swerve" tí mo kọ, kí n má ṣe yí ohùn padà, kí ẹ̀bi lè dá lé Donna lórí. Inú bí mi. Ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀, ìkà bẹ́ẹ̀! Láti ọjọ́ kejì, mi ò kí i mọ́. Ó bu tíì fún mi, mo fi sílẹ̀ kó tutù. Ó ń wò mí tìyanu-tìyanu.

Ní Sọ́ńdè, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé Donna. Ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó fi ara dí àlàfo rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìdè funfun tí wọ́n fi ń di egungun tó kán.

"Mo wá kí yín," mo wí. "Ẹ kú ìrora."

"O kọ ọ́ pé mo yà."

"Mo rò pé..."

"Mi ò yà," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "O wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi gan-an lo wà."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá kí n tún kàn án tàbí kí n máa lọ. Ní Ìwó, bí ẹni tó jù ọ́ lọ bá bínú sí ọ, o lè kúnlẹ̀ síwájú ilé wọn, ará àdúgbò á jáde, wọ́n á bá ọ bẹ̀bẹ̀. Níbí, bí mo bá kúnlẹ̀ sójú títì, ọlọ́pàá ni wọn yóò pè. Mo padà sílé.

Ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ pè. Òṣìṣẹ́ báǹkì ni ní Òṣogbo, ẹni tó máa ń wọn ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́. Ó gbọ́ mi tán, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá Àmínà, ilé iṣẹ́ yẹn ló gba ìwé tí o fi ń gbé ibẹ̀ fún ọ. Bí wọ́n bá bínú sí ọ, ìwọ ló ń padà bọ̀. Má dá sí ohun tí kò kàn ọ́."

"Ó kàn mí. Èmi ni mo kọ ọ́."

"Nígbà náà, má tún kọ òmíràn." Ó yí ọ̀rọ̀ padà. "Bàbá wà níbí, wọ́n wá wo àwọn ọmọ. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní fóònù."

Bí mo ṣe gbọ́ ohùn bàbá mi, orúnkún mi ti kan kápẹ́ẹ̀tì kí n tó mọ̀. Bàbá wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọgbọ̀n ọdún, láti Kúta, láti Ilé-Ogbó, gbágùúdá àti igi ìdáná ló ń kó wọ Ìwó. Wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dárúkọ ọkọ̀, ojú wọn á là.

"Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ," wọ́n wí. "Ta ló yà?"

"Donna ni, Bàbá. Obìnrin tó ń wa ọkọ̀."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ẹni tó ń wa ọkọ̀. Mo ní ta ló yà? Ṣé òun ló ya ọkọ̀, àbí ọkọ̀ ló yà mọ́ ọn lọ́wọ́?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Fóònù ni mò ń wò."

"Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí ọkọ̀ ń lọ sósì, níbo ni ọwọ́ rẹ̀ wà?"

Mo di ojú. Mo ti sọ fún ara mi pé fóònù ni mò ń wò, mi ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo gbójú sókè ṣáájú kí a tó kọlu ògiri. Ó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan péré, mo sì rí i. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí sítíárìn, iṣan rẹ̀ yọ, gbogbo èjìká rẹ̀ ń wọ́ ọ sọ́tùn-ún.

"Ọ̀tún, Bàbá. Ọ̀tún ló ń wọ́ ọ sí."

"Ṣé o rí i? Ẹni tó fẹ́ lọ sósì kì í wọ́ sítíárìn sọ́tùn-ún. Irin tó so táyà iwájú mọ́ sítíárìn ló já. Ó ṣe mí rí. O ṣì kéré nígbà náà. Mo kó gbágùúdá bọ̀ láti Kúta, irin yẹn já. Mo wọ́ sítíárìn títí apá mi fẹ́ẹ̀ yọ, ọkọ̀ ń lọ síbi tó wù ú. Inú oko àgbàdo ló gbé mi lọ. Olóko ní mo ti mu ẹmu."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹnu kan ẹmu rí?"

"Kò sẹ́ni tó jókòó tì mí lọ́jọ́ náà. Ta ni yóò bá mi sọ ọ́? Ọdún méjì ni wọ́n fi ń pè mí ní ọ̀mùtí ní gáréèjì. Kí ìyá rẹ tó kú, òun náà bi mí lẹ́ẹ̀kan."

Mi ò gbọ́ ìtàn yìí rí. Mo ti ń bá bàbá mi gbé láti kékeré, mo sì ní láti dé ìlú òyìnbó kí n tó gbọ́ ọ. Wọ́n kò pàṣẹ ohunkóhun fún mi. Wọ́n ní àwọn ọmọ ti jẹun, wọ́n súre fún mi, wọ́n sì dá fóònù padà. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ni mo wà tí nǹkan mìíràn fi sọ sí mi lọ́kàn. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìjàǹbá náà, Donna dúró níwájú tábìlì Paul, ó ní ọkọ̀ yìí ń fa òun sósì. Paul ní kí ó ṣì máa wà á, pé àwọn yóò wò ó lóṣù tó ń bọ̀. Èmi ni mo gbé àpò Donna dání. Mo gbọ́ ọ ketekete.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ sí ìpàdé náà. Bí Gemma ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó lanu.

"Kí lo wá ṣe? Ṣebí mo ní kí o 'swerve' rẹ̀!"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ yà á?" mo wí tìbínú-tìbínú.

"Kí o má wá ni! Kí o ní ara rẹ kò yá, kí o yẹra fún un! Paul ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù, mi ò fẹ́ kí ó jẹ́ ìwọ."

Mo wo ọmọ náà. Ohun tí ọkọ mi sọ fún mi ní Yorùbá gẹ́lẹ́ ni òun ti sọ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ti fi ọ̀sẹ̀ kan yan án lódì nítorí rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún. Mo ní, "Jọ̀wọ́, má bínú," mo sì wọlé. Kò dájú pé ó mọ ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ fún.

Paul wà níbẹ̀, Donna wà níbẹ̀, obìnrin kan tó wọ jígí ojú sì wá láti olú ilé iṣẹ́ wọn. Obìnrin náà gbé ìwé mi jáde, ó kà á sókè. Nígbà tó dé orí gbólóhùn mi tó dùn létí, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

"Ọ̀rọ̀ rẹ nìyí?"

"Ọ̀rọ̀ mi ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo rí."

Ó yọ jígí ojú. "Kí lo rí?"

Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì mi gbẹ. Ọdún méjìlá lẹ́nu iṣẹ́, ìwé ẹ̀rí lókè ìwé ẹ̀rí, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan mú. Mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú, mo di afẹ́fẹ́ mú, mo wọ́ ọ sọ́tùn-ún tagbáratagbára. "Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ síbí," mo wí. Mo wá fi orí júwe òsì. "Ọkọ̀ ń lọ sọ́hùn-ún. Kì í ṣe òun. Ọkọ̀ ni."

"Kí ló dé tí o kọ ọ́ pé òun ni?"

"Nítorí mi ò mọ̀ pé ẹ óò bi mí."

Kò yé e, mo rí i lójú rẹ̀. Kò yé èmi náà tán. Ṣùgbọ́n mo ṣì ní ohun kan láti sọ, mo sì sọ ọ́ kíá kí ọkàn mi tó yí padà. Mo ní Donna ti wí pé ọkọ̀ ń fa òun sósì, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ní ọ́fíìsì yìí, létí mi. Obìnrin náà yíjú sí Paul. Ọrùn Paul pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Donna kò wo ẹnikẹ́ni, ìdè ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń wò.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì. Bí bàbá mi ṣe jókòó sílé lọ́hùn-ún tó sọ ọ́ náà ló rí, irin náà ti já. Wọ́n kọ lẹ́tà sí Donna pé kò jẹ̀bi, kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò padà. Ó rí iṣẹ́ sí ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ kan. Paul ṣì jẹ́ ọ̀gá mi fún oṣù díẹ̀, ilé tó jìnnà jù ló ń fún mi, ibi tí mo ní láti wọ bọ́ọ̀sì mẹ́ta dé. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lọ síbòmíràn, wọn kò gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi ní Ọlọ́run ló yọ mí. Gemma tún ń bu tíì fún mi, mo sì ń mu ún.

Ó ti tó oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìpàdé náà kí Donna tó wá sílé mi, ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan, láìsọ tẹ́lẹ̀, bí ará Ìwó. Mi ò ní ju àga kan lọ. Mo fún un ní àga, èmi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo po tíì. A sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ àwọn arúgbó tí a jọ tọ́jú, ọ̀kan nínú wọn ti kú. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n mò ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó bá wá.

Ó gbé ife sílẹ̀. "Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. Ṣé o rò pé lóòótọ́ ni mo wà lórí fóònù?"

Mo lè sọ pé rárá. Ta ni yóò já irọ́ mi? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ó sì rọrùn ní gbogbo èdè.

"Fún ọjọ́ méjì," mo wí. "Ọjọ́ méjì ni mo rò ó."

Ó mirí. "Ó yẹ kí o ti bi mí," ló wí, "kí o tó kọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó dìde, ó gbé ife rẹ̀. Mo dìde pẹ̀lú, mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n óò fi sìn ín sọ́nà. Ó lọ sídìí omi, ó fọ ife náà, ó fọ tèmi mọ́ ọn, ó dojú wọn dé. Lẹ́yìn náà ó padà wá, ó sì jókòó.